Kí ẹ tó ra táyà: ọ̀nà oko láti Mọ̀pà sí Ìsánlú

Ọ̀kún o, ẹ̀yin àbúrò. Ẹ ní ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́fà ń bọ̀ láti Ìlọrin ní ìsinmi Àjíǹde, ẹ fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ orí òkè gba ọ̀nà oko láti Mọ̀pà dé Ìsánlú níbí ní ìpínlẹ̀ Kogi, ẹ wá ń béèrè irú táyà tí ẹ máa lò. Àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi ti ro ẹjọ́ táyà yẹn títí: fífẹ̀ rẹ̀, eyín rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi kajú lọ́nà yẹn rí, tí ẹnu ìbọn ṣakabùlà kọjú sí wa, kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn tó di ìbọn mú tó bi wá léèrè táyà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Àsìkò kajú ni Àjíǹde máa ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wa. Láti oṣù kejì wọ oṣù kẹrin, inú oko ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn nítorí olè. Kóró kajú ti di owó; àwọn tó ń rà á ń gbé owó kiri, àwọn tó ń jí i ń gbé àpò kiri. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ajínigbé kún un. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ohun tí ojú ń rí ní Yàgbà àti Ìjùmú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Bí àwọn ọ̀dọ́ tí ẹnì kankan ò mọ̀ rí bá wá yọ lójijì nínú igbó, tí wọ́n dé akoto, tí wọ́n wọ awò dúdú, tí wọ́n fi aṣọ bo imú nítorí eruku, kí lẹ rò pé ẹni tó ń ṣọ́ oko rẹ̀ máa rò?

A gba ìwé o. Ẹ má rò pé a kàn dìde lọ. Ọ̀kan nínú wa tí kì í ṣe nǹkan kan láìgba ìwé ló ní kí a lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan kí wọ́n lè mọ̀ pé à ń bọ̀. Tábìlì kan ní kí a lọ sí òmíràn. Wọ́n bi wá bóyá ìdíje ni. A ní rárá. Wọ́n bi wá bóyá ìwọ́de ni. A ní eré ni, àwa ọ̀rẹ́ kàn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ni. Arábìnrin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ dá bírò dúró, ó ní kò sí ibi tí wọ́n ń kọ eré sí. Nígbà tó yá, ọ̀gá kan jáde, ó lu òǹtẹ̀ sórí lẹ́tà wa, ó gba owó bírò, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ máa lọ, ààbò wà káàkiri." Ohun tí kò sọ fún wa ni pé abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Mopa-Muro ni Mọ̀pà wà, Yagba East sì ni Ìsánlú, òun gan-an sì ni olú ìlú wọn, pé òǹtẹ̀ òun kò rìn kọjá ààlà. Kò sì sí pátákó lójú ọ̀nà oko tó máa sọ fún yín pé ẹ ti kọjá ààlà.

Ibi tí a dúró sí kì í ṣe ibi tó wù wá. Igi gbígbẹ kan ta sókè láti abẹ́ táyà ọ̀rẹ́ mi, ó há sínú ẹ̀rọ tó ń ti ṣéènì láti orí gíà kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń wa pẹ́dàlì, ni ẹ̀rọ náà bá wọ inú sípókù. Pàá! Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi so ẹ̀rọ yẹn mọ́ ara kẹ̀kẹ́ ló kán. Kò gùn tó ìka ọwọ́, kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní irú tirẹ̀, èmi ò sì rí ẹni tó ń tà á ní agbègbè wa. Ẹ ra èyí tó bá kẹ̀kẹ́ yín mu, kí ẹ fi sínú àpò. Ẹ ra irin tí wọ́n fi ń já ṣéènì pẹ̀lú. Òun la fi gé ṣéènì kúrú kí kẹ̀kẹ́ lè máa lọ lórí gíà ẹyọ kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é wà lórí YouTube, kò le.

À ń ṣe é lọ́wọ́ lábẹ́ kajú, ọ̀kan nínú wa wọ igbó lọ tọ̀. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí. A ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mo gbójú sókè, sílípáàsì ni mo rí, lẹ́yìn náà ṣòkòtò ọdẹ, lẹ́yìn náà ìbọn. Wọ́n ní kí a jókòó, kí a na ẹsẹ̀, kí a kó fóònù sílẹ̀. Bàbá tó ṣáájú wọn mú àpò ẹ̀yìn mi, ó fa rọ́bà tí mo fi ń mu omi inú rẹ̀, ó tẹ ẹnu rẹ̀, omi ta sí i lọ́wọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún un gbóòórùn. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ̀ ń mu omi bí ẹni tó wà ní ọsibítù?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ní a ní ìwé. Ó gbà á, ó kà á, ó yí i padà, ó ní kí a pe ẹni tó lu òǹtẹ̀. A pe ọ̀gá. Ó ti pa fóònù. A tún pè é. Bàbá ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Ìwé yìí ò mọ ibí." Ni ọ̀rẹ́ wa tó ti Èkó wá bá bẹ̀rẹ̀ gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, òfin, lọ́yà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú àwọn ọdẹ ń le sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Ìlọrin. Oòrùn ń yí, òjìji ń kúrò lórí wa, wọn ò sì jẹ́ kí a sún tẹ̀lé e. Omi tán. Èèrà ń gùn mí lẹ́sẹ̀, mi ò lè gbọ̀n ọ́n dànù, torí pé gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́wọ́ ni ọmọ kékeré kan tó di ìbọn mú láàárín wọn ń ta gìrì. Tirẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ.

Ìyá kan tó ń ṣa kóró kajú nítòsí ló gbà wá. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ ilé ìyá mi ní Mọ̀pà. Ó ní ta ló wà ńbẹ̀ báyìí. Mo dárúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọ́n mú mi gun orí àpáta kan tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń wọlé díẹ̀, a pè é, wọ́n ní kí n tan sípíkà kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò jẹ́ kí n kí i tán. Ó bú mi, ó bú kẹ̀kẹ́, ó bú ẹni tó tà á fún mi, ó bi mí bóyá iṣẹ́ ti tán nílé ni. Àwọn ọdẹ wo ara wọn. Bàbá àgbà gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ní, "Ọmọ wọn ni." Èébú yẹn ṣe ohun tí òǹtẹ̀ ò lè ṣe.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, wọn ò sì gbà kí a dá lọ. Píkọ́ọ̀pù tó ń kó kajú ló gbé wa dé títì, àpò kajú lórí kẹ̀kẹ́, àwa lórí àpò. Ẹ fọkàn wo rímù. Títí di òní mi ò bínú sí àwọn ọdẹ yẹn. Oko wọn ni, ẹ̀mí wọn ni. Ọ̀gá olóǹtẹ̀ ni mò ń bínú sí. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa padà lọ bá a, ó ní òǹtẹ̀ tí òun lù kàn fi hàn pé òun rí lẹ́tà náà ni. Owó bírò ńkọ́? Ó ní òun ò rántí.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú yín lọ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kó gun ọ̀kadà gba ọ̀nà yẹn, kó dúró ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kó kí baálẹ̀, kó béèrè olórí ọdẹ, kó fi fọ́tò kẹ̀kẹ́ àti akoto yín hàn wọ́n. Bó bá gba nọ́ńbà, kó pè é lójú wọn kó rí i pé ó wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ gba ìwé, ẹ gbà á lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá náà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú ọmọ ìlú kan tó ní ọ̀kadà kó máa ṣáájú yín. Bí baálẹ̀ bá ní ọ̀nà ò dáa lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ yí padà. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì lọ bi ọ́fíìsì kankan bóyá òótọ́ ni.

Ẹ má fọwọ́ kan kajú ẹnikẹ́ni, títí kan èyí tó jábọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará ìgboro tún máa ń fẹ́ fi eyín fọ́ kóró tútù. Òróró tó wà nínú èèpo rẹ̀ ń bó èèyàn lẹ́nu. Omi èso rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ, ẹ má wọ funfun.

Òjò àkọ́rọ̀ lè bá yín pàdé lásìkò yẹn, ọ̀sán ló sábà máa ń dé, ìjì ló sì ń ṣáájú rẹ̀. Ẹ gbéra bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí ẹ ti wà lórí títì kí aago méjì tó lù. Píọ́ wọ́tà nìkan ò tó nínú oòrùn yẹn. Ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi: lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́jú, kó má ga.

Ẹ̀n-ẹ́n, táyà. Èyí tó fẹ̀ tó ínṣì 2.1 sí 2.3, tí eyín rẹ̀ ga tó sì fọ́nká, ló máa di ilẹ̀ mú lórí òkúta wẹ́wẹ́ pupa yẹn. Atẹ́gùn 30 sí 35 PSI lójú géèjì tó fún ẹni tí kò sanra jù. Bó bá rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òkúta á fún tíúbù mọ́ rímù, á lu ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Fọkanáísà á fẹ́ fẹ́ ẹ le bíi ti ọ̀kadà. Ẹ dá a dúró. Ẹnu tíúbù ló sì ṣe pàtàkì ju eyín táyà lọ. Ẹni tó ta tèmi fún mi, tí gbogbo ayé ń pè ní ògbógi, ló ní ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ ló dáa jù. Ó lè dáa ní Jámánì. Ní abúlé, páǹpù fọkanáísà kò bá a mu, ẹ̀ẹ́ kàn máa wo ara yín ni. Ẹ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irú ti ọ̀kadà. Bí ihò rímù yín kò bá gbà á, idẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń yí mọ́ orí ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kí páǹpù ọ̀kadà lè wọ̀ ọ́. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, torí ó máa ń sọnù. Tíúbù méjì-méjì, sólúṣọ̀n kan láàárín ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, n óò fún yín ní nọ́ńbà ọlọ́kadà kan ní Mọ̀pà tó mọ àwọn ọdẹ yẹn. Ẹ bá a ná owó kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì ra epo rẹ̀ fún un lọ́tọ̀, torí bó bá ti wọ inú oko tán, iye tó bá wù ú ló máa pè.