Èsì: Olórí ẹ̀ka tí wọ́n ṣì ń pè ní nọ́ọ̀sì

Àbúrò mi, o ní ìwọ dókítà obìnrin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ẹ̀ka nílé ìwòsàn yín, àmọ́ àwọn aláìsàn ṣì ń pè ọ́ ní nọ́ọ̀sì, ọkùnrin tó wà lábẹ́ rẹ ni wọ́n sì ń kọjú sí. O ní o kì í rí oorun sùn mọ́, o wá ń béèrè bóyá kí o gbé ipò náà sílẹ̀.

Má gbé e sílẹ̀ o. Ó ṣe èmi náà rí. Mo ti ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ tán, ni bàbá kan bá yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tó bá mi di fáìlì mú, ó ní, "Dókítà, kí lẹ wí sí i?" Ọmọ náà ti ń làágùn! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Èmi ni màá ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́la, bàbá. Èmi ni kẹ́ ẹ bi." Látìgbà náà, orúkọ àti ipò mi ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ kí n tó jókòó. Kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ náà: bí ìbéèrè bá jẹ́ tìrẹ, kí wọ́n nawọ́ sí ọ.

Àwọn tó ṣáájú wa náà rí ìṣòro, wọn ò sì jáwọ́. Elizabeth Blackwell ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ní 1849. Lọ́dún yẹn kan náà, àrùn ojú ràn án lára ọmọ tuntun tó ń tọ́jú ní Paris, ojú kan fọ́, iṣẹ́ abẹ tó ń lé sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1857, òun àti àbúrò rẹ̀ Emily pẹ̀lú dókítà obìnrin mìíràn, Marie Zakrzewska, dá ilé ìwòsàn obìnrin àti ọmọdé sílẹ̀ ní New York.

Àìrí oorun sùn tí o mẹ́nu bà yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Lọ́la gan-an, bá ẹni tó ń pín iṣẹ́ alẹ́ sọ̀rọ̀.