Màámi ń gbọ́ mi, èmi ò gbọ́ wọn: níbo ni ohùn ń há sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé. Mo ní fóònù orí tábìlì àtijọ́ kan tí mo so mọ́ àdápítà kékeré tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pè. Òun ni mo fi ń pe màámi ní Ìjẹ̀bú-Òde nítorí pé owó rẹ̀ ò wọ́n. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti gba ráútà tuntun, tí mo bá pè, fóònù wọn á dún, wọ́n á gbé e, wọ́n á máa gbọ́ mi ketekete, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbọ́ nǹkan kan. “Halóò, halóò” ni mo máa ń pariwo títí. Màámi ti sọ fún àbúrò mi pé etí mi ti ń di. Tí a bá lo WhatsApp lórí Wi-Fi kan náà, kò sí wàhálà. Ṣé àdápítà ló bàjẹ́ ni, àbí kí n ra íntánẹ́ẹ̀tì tó yára ju èyí lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ìpè ohùn kan kì í jẹ ju nǹkan bíi kílóbíìtì 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ní àlọ tàbí ní àbọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tí kò yára a máa jẹ́ kí ohùn máa já, kí ó máa dún bíi ti rọ́bọ́ọ̀tì. Kì í gbé ohùn apá kan mì pátápátá.

Ẹ kọ́kọ́ gbé fóònù sétí láì tẹ nọ́ńbà kankan. Ṣé ẹ gbọ́ “dùùù”? Inú àdápítà gan-an ni ìró yẹn ti ń wá, kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, a jẹ́ pé ibi tí ẹ fi ń gbọ́rọ̀ lára fóònù pé, wáyà rẹ̀ náà pé. Bí màmá sì ṣe ń gbọ́ yín, ibi tí ẹ ń sọ̀rọ̀ sí ò ní àrùn. Ó ku ojú ọ̀nà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ohun méjì ló wà nínú ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sì í bá ara wọn rìn. Àkọ́kọ́ ni SIP, alárinà tó ń lọ sọ fún ilé iṣẹ́ fóònù pé lágbájá fẹ́ bá màmá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ bá mi fi aago wọn dún. Ẹnu ọ̀nà 5060 (“port” ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì) ló sábà máa ń gbà. Ohùn fúnra rẹ̀ ni ìkejì, RTP ni à ń pè é, ẹnu ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi àdéhùn sí lójú ẹsẹ̀ ló sì ń gbà. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi lè dún, kí wọ́n gbé e, kí ìṣẹ́jú máa kà, kí owó máa lọ, kí ohùn má sì dé.

Alárinà yìí ló tún ń sọ ibi tí wọ́n máa kó ohùn àbọ̀ wá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Àdápítà yín ò mọ àdírẹ́sì tí gbogbo ayé mọ ilé yín sí. Èyí tí ráútà fún un nínú ilé ló mọ̀, bíi 192.168.1.23. Ká ní wọ́n fẹ́ fi gàrí ránṣẹ́ sí yín láti Ìjẹ̀bú, tí ẹ wá kọ “yàrá kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná” fún awakọ̀, láì kọ àdúgbò, láì kọ ojúlé. Àìmọye ilé ló ní yàrá kẹta. Gàrí á jáde ní Ìjẹ̀bú, kò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ohùn màmá yín ṣe ń ṣe nìyẹn. Tiyín ń dé ọ̀dọ̀ wọn nítorí pé ráútà kì í sábà dí ohun tó ń jáde lọ́wọ́. Ohun tó bá ń wọlé láìjẹ́ pé ó mọ ẹni tó ni ín ló ń dá dúró.

Nítorí náà, ẹni tí kò gbọ́ràn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ ráútà rẹ̀ wò. Àwọn èèyàn wa a máa sáré di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà. Nínú irú ọ̀ràn tiyín yìí, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

WhatsApp ní tiẹ̀ ti mọ̀ pé ráútà máa wà. Á dán oríṣiríṣi ọ̀nà wò, bí kò bá sì rí ọ̀nà tààrà, á gba inú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. SIP dàgbà jù ú lọ: ọdún 2002 ni wọ́n kọ ìlànà tí à ń tẹ̀lé di òní, ó sì gba ẹni tó bá dárúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ gbọ́.

Ilé iṣẹ́ fóònù tó mọṣẹ́ ti mọ àbùkù yìí. Wọn kì í wo àdírẹ́sì tí àdápítà kọ. Ibi tí ohùn yín bá ti yọ ni wọ́n ń dá ti màmá padà sí. Bóyá ohun tó ń gbà yín tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Kí ló wá yí padà? Ráútà. Ẹni tí mo fura sí nínú rẹ̀ ni SIP ALG.

Iṣẹ́ rere ni wọ́n fi rán an: kí ó máa tú ọ̀rọ̀ alárinà wò bó ṣe ń kọjá, kí ó pa àdírẹ́sì inú ilé rẹ́, kí ó fi ti ìta rọ́pò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ráútà ilé, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe. Á tún àdírẹ́sì kọ, kò ní ṣí ẹnu ọ̀nà. Tàbí kí ó ṣí ẹnu ọ̀nà kan, kí ó kọ nọ́ńbà òmíràn. Mo ti pa á nínú ráútà oníbàárà ju bí mo ṣe lè kà lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rántí pé mo tún un tàn.

Ẹ ṣí Chrome lórí kọ̀ǹpútà tó wà lórí Wi-Fi ilé, ẹ tẹ nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ráútà. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Ọ̀rọ̀ aṣínà wà níbẹ̀ náà. Ẹ wo abẹ́ Advanced, NAT, Firewall tàbí Security, ẹ wá SIP ALG, ẹ pa á, ẹ tẹ Save. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ iná ráútà àti ti àdápítà. Ráútà ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, kí íntánẹ́ẹ̀tì dé tán, kí ẹ tó tan àdápítà. Ẹ má fo èyí, nítorí ráútà a máa rántí ọ̀nà àtijọ́ títí a ó fi pa á.

Ráútà tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún yín lè má fi SIP ALG hàn rárá. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n bá yín pa á. Bí wọn ò bá lè ṣe é, ẹ bi ilé iṣẹ́ fóònù bóyá wọ́n ń gba TLS, ẹnu ọ̀nà 5061. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ibẹ̀ ti di àdìtú. Ohun tí ALG ò lè kà, kò lè bà á jẹ́.

Bí ALG bá ti kú tí ohùn ò tíì dé, ẹ wo àdírẹ́sì WAN, ìyẹn èyí tí ráútà ń lò níta ilé, nínú ráútà yẹn kan náà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ráútà mìíràn wà lókè rẹ̀. Ẹ so àdápítà mọ́ ti òkè. Bí ó bá wà láàárín 100.64 àti 100.127, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló kó ẹ̀yin àti àwọn ẹlòmíràn sábẹ́ àdírẹ́sì kan, ó sì wọ́pọ̀ lórí ráútà onísíìmù. Ẹ ò lè tún ìyẹn ṣe fúnra yín, ṣùgbọ́n keep-alive inú àdápítà, ìyẹn ìkíni kékeré tó máa ń fi ránṣẹ́ lóòrèkóòrè, tí ẹ bá fi sí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, kò ní jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tètè tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tan STUN, tó ń bá àdápítà wádìí àdírẹ́sì ìta, ẹ rí i pé ALG ti kú ná, kí àwọn méjèèjì má baà máa tún ìwé kan náà kọ.

Ìmọ̀ràn kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbà: kí ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà 5060 àti 10000 sí 20000 sílẹ̀ gbayawu, tàbí kí ẹ gbé àdápítà sínú DMZ, níbi tí ráútà kì í ti dá ohun tó ń wọlé dúró. Ó lè ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n tọ̀sántòru ni àwọn olè ń kan ilẹ̀kùn 5060 kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó kàn rí i pé fóònù ń dún láago méjì òru, kò sì sí ẹni tó ń pè. Bí wọ́n bá rí ọ̀nà wọlé, bíìlì ìpè sí ìlú tí ẹ ò mọ ẹnì kankan ló máa tẹ̀lé e.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò gbọ́, ẹ gbé àdápítà lọ sílé ọ̀rẹ́ tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ so ó mọ́ ráútà tiwọn, kí ẹ pe màmá láti ibẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ wọn, ráútà yín tàbí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ló jẹ̀bi, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ náà wá nǹkan ṣe sí i. Bí ẹ ò bá gbọ́ wọn níbẹ̀ náà, ẹ kọ aago àti nọ́ńbà tí ẹ pè sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ fóònù, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: àdírẹ́sì wo lẹ kó ohùn ìpè yìí lọ?