Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń fọ̀: ẹ má torí GGT dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Òkè-Ìléwó ni à ń gbé ní Abẹ́òkúta níbí. Ẹni ọdún 56 ni bàbá àwọn ọmọ mi, amlodipine 10 mg ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀: ALT 64, AST 48, GGT 112. Ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́wọ́ yẹ ara wò sọ pé ẹ̀dọ̀ wọn ti dọ̀tí, pé ìdọ̀tí náà ti ń gun orí lọ, rọpárọsẹ̀ ló kàn. Ó ní oògùn dókítà ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n ra ìgò mẹ́ta oògùn tó ń fọ ẹ̀dọ̀. Wọ́n ti mu ọ̀kan. Ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé tó fẹ́ dúdú ló ń jáde, wọ́n sì ní ara àwọn fúyẹ́. Ṣé kí a ra méjì tó kù?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má ra ìgò kankan mọ́. Ẹ wọn ìfúnpá Bàbá lónìí olónìí. Bí nọ́ńbà òkè bá wà ní 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí òyì kò sì kọ́ wọn, kí wọ́n padà sídìí amlodipine bí dókítà wọn ṣe kọ ọ́. Bí ó bá wà lábẹ́ 110, ó ṣeé ṣe kí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara wọn gbẹ, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n tó lo ohunkóhun. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi lè dúró, èyí kò lè dúró.

Kò sí ìdọ̀tí kankan tó ń ti ẹ̀dọ̀ gun ọpọlọ lọ fa rọpárọsẹ̀. ALT, AST àti GGT jẹ́ éńsáìmù, ìyẹn àwọn ohun èlò tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ni ALT pọ̀ sí jù. AST wà nínú ẹ̀dọ̀, ó wà nínú iṣan ara, nínú ọkàn àti nínú ẹ̀jẹ̀ pupa pẹ̀lú. Ibi tí òróòro ń gbà kọjá ni GGT ti wọ́pọ̀. Bí nǹkan bá ń yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, wọ́n á jò sínú ẹ̀jẹ̀, a ó sì kà wọ́n níbẹ̀. Ní Ìtòkú, bí omi gọ́tà bá dúdú fún aró, ẹ ó mọ̀ pé ìkòkò aláró kan ń jò. Bí ẹ gbọ́n omi gọ́tà yẹn dànù tilẹ̀ tán, ìkòkò ṣì ń jò.

Nǹkan tó ń jáde lára Bàbá ńkọ́? Òróòro ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, inú ìfun ló ń dà á sí lójoojúmọ́, àwọ̀ ewé ni àwọ̀ rẹ̀. Bí oúnjẹ bá ń rìn wọ́ọ́rọ́ nínú ìfun, àwọ̀ náà máa ń yí padà di ti ìgbẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹ bá fi oògùn ìgbẹ́ lé e jáde kíákíá, kò ní ráyè yí padà, á jáde ní àwọ̀ ewé. Ọmọ ogún ọdún tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá náà á ya irú rẹ̀ bí ó bá mu ìgò yẹn. (Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó ń lẹ̀, tó ń rùn yàtọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ìyẹn lè jẹ́. Ẹ má dúró wò ó, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.)

Ara tó fúyẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fura sí jù. Amlodipine kì í kúrò lára lẹ́ẹ̀kan. Ó ń tó bí wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, nítorí náà ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá kí agbára rẹ̀ tó tán pátápátá. Láàárín ìgbà yẹn, omi àti iyọ̀ tí wọ́n ń yà dànù á tún fa ìfúnpá wálẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kẹta, á dà bíi pé ìgò ló wo wọ́n sàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, oògùn ti tán lára, ẹ̀jẹ̀ ti ń ru padà, kò sì sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni rọpárọsẹ̀ máa ń rí àyè wọlé, ẹni tó ta ìgò á sì ní òun ti kìlọ̀. Potassium, irú iyọ̀ kan nínú ara, tó ń bá ìgbẹ́ lọ tún lè da lílù ọkàn rú, pàápàá fún ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú kí wọ́n tọ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n dì mọ́wọ́ kò rí ẹ̀dọ̀. Bí iná mànàmáná ṣe ń gba awọ àtẹ́lẹwọ́ kọjá ló ń wọ̀n, òógùn lásán lè yí i padà. Inú ẹ̀jẹ̀ nìkan la ti ń ka ALT.

Kí ló wá so ẹ̀dọ̀ àti rọpárọsẹ̀ pọ̀? Àwọn olùwádìí ti rí i pé rọpárọsẹ̀ ń ṣe àwọn tí GGT wọn ga ju àwọn tí tiwọn rẹlẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé GGT sókè, ikùn tó yọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ọtí, òun náà ló ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ jẹ́. Alábàárìn ni GGT. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru ló burú jù fún ọpọlọ, òun gan-an sì ni wọ́n ní kí Bàbá jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀!

Ọ̀nà kan wà tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ lè gbà fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọpọlọ: bí ó bá ti di àpá líle. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí àpá bá gbà á, èròjà yẹn á dínkù, platelets (àwọn ohun kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá a dì) á dínkù, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ya níbi tí kò yẹ. Àwọn tí à ń wò fún èyí ni platelets, albumin (èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe), bilirubin (èyí tó ń mú kí ojú pọ́n bí ẹ̀dọ̀ kò bá lè kó o kúrò) àti INR (bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì). ALT kò lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀dọ̀ tí àpá ti jẹ tán lè ní ALT 30, torí ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan tó lè jò.

Èsì Bàbá kò tíì tó ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ láàbù ń fi ààlà ALT sí nǹkan bí 40 fún ọkùnrin, ti GGT sí nǹkan bí 55 sí 60. Wọ́n ga, ṣùgbọ́n ALT kò tó ìlọ́po méjì ààlà rẹ̀, GGT sì wà ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní FIB-4, tí wọ́n fi ń díwọ̀n bóyá àpá wà nínú ẹ̀dọ̀, tí ẹ lè ṣe nílé bí ẹ bá ti ní platelets. Ẹ fi ọjọ́ orí lọ́nà AST: 56 lọ́nà 48 jẹ́ 2688. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi í lọ́nà ara rẹ̀, á di ALT: 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, torí náà 8 ni. Ẹ fi lọ́nà platelets. Ká ní platelets wọn jẹ́ 210, á di 1680. Ẹ pín 2688 sí 1680, ẹ ó rí 1.6. Lábẹ́ 1.3, ó jọ pé kò sí àpá tó le. Bí ó bá ju 2.67 lọ, ẹ lọ bá onímọ̀ ẹ̀dọ̀. Àárín méjèèjì ń fẹ́ àyẹ̀wò tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó. (Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65, 2.0 là ń lò dípò 1.3.) Ìṣirò kọ́ ni dókítà o, èmi náà kò tíì rí Bàbá, mi ò sì lè fi èsì orí ìwé nìkan sọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Nítorí náà, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìdí-Abà tàbí ti Ìjàyè, tàbí sọ́dọ̀ dókítà wọn. Kí wọ́n yẹ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) B àti C wò kí wọ́n tó ronú ohun mìíràn, torí B wọ́pọ̀ gan-an láàárín wa, ó sì lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìsí àmì. Lẹ́yìn èyí, ṣúgà àárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kíkà tí platelets wà nínú rẹ̀, àti fọ́tò inú ikùn (scan). Kí wọ́n fi ọtí àti àgbo sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pàápàá àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, torí ọtí ni òun náà; GGT máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ìdajì ohun tí ọtí fi lé e tó wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe. Kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ agbára ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ AST á ga torí iṣan ara lásán.

Ní ti oògùn, amlodipine kì í sábà ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ methyldopa, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ni wọ́n ń lò, ǹ bá ní kí ẹ tètè sọ fún dókítà, torí ìyẹn máa ń ṣe é lára àwọn kan. Síbẹ̀, dókítà ló máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ oògùn ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ fún wọn, ALT 64 kò ní kí wọ́n má lò ó.

Bí ọ̀rá ló bo ẹ̀dọ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ẹni tó sanra, ohun tó ń mú un kúrò ni kí ara fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀: ẹni 90 kg kí ó sọ nǹkan bíi 6 sí 9 kg nù láàárín oṣù bíi mélòó kan. Ẹ dín láfún alẹ́ kù sí ìdajì, ẹ fi ewédú àti ẹja kún un, kí ẹlẹ́rìndòdò kúrò nílé.

Bí ẹnu Bàbá bá wọ́, tí apá kan bá rọ, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ wo aago, ẹ kọ ìgbà tí ara wọn dá gbẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ má rọ epo tàbí àgbo sí wọn lẹ́nu, ẹ má fún wọn ní aspirin, torí kí wọ́n tó ya fọ́tò ọpọlọ, ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì tàbí iṣan ló bẹ́.

Ìgò tí wọ́n ti mu yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ mú un dání lọ fún dókítà, pẹ̀lú gbogbo oògùn àti àgbo tó wà nílé.