Postman gbà, bùráúsà kọ̀: ìbéèrè yín lórí fífi script pe sáfà

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ o, àmọ́ ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ti ń kọsẹ̀: ẹ kọ script (kóòdù JavaScript) sínú pèéjì, ẹ ní kó lọ mú nǹkan wá lọ́dọ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fún pèéjì ní dátà), ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù kankan, ẹ tẹ F12 nínú bùráúsà, ẹ ṣí Network, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí bùráúsà rán lọ gan-an àti èsì tí sáfà fún un. Console, ibi tí bùráúsà ń kọ àṣìṣe sí, kì í sọ gbogbo ẹ̀ tán.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo kọ fetch (àṣẹ JavaScript tó ń pe sáfà) tó yẹ kó mú dátà wá láti API kan (ẹnu ọ̀nà tí sáfà ń gbà fún kóòdù ní dátà). Tí mo bá fi Postman (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dán API wò) dán an wò ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tí mo bá ti gbé e sínú pèéjì mi báyìí, Console á pọ́n kalẹ̀, á ní "blocked by CORS policy", ìyẹn ni pé òfin CORS ti dí i lọ́nà. Ẹnì kan ní kí n fi mode: "no-cors" sí i, pupa yẹn lọ lóòótọ́ àmọ́ mi ò rí dátà kankan. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ ò ṣe nǹkan kan tí ò dáa, àyàfi no-cors yẹn, a máa débẹ̀. Látayé Netscape, nígbà tí JavaScript ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ní nǹkan bí 1995, ni òfin ti wà nínú bùráúsà pé script tó wá láti ojúlé kan ò gbọdọ̀ máa ka nǹkan ojúlé ẹlòmíì. Ohun mẹ́ta ló fi ń dá ojúlé mọ̀: http tàbí https, orúkọ domain, àti nọ́ńbà port. Tí ọ̀kan péré bá yàtọ̀, àjèjì ni. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé http://localhost:3000 àti http://localhost:5000 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà lójú ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo làwọn méjèèjì wà.

Kí nìdí? Ẹ wò ó, ká ní ẹ ti wọlé sí àkáǹtì báǹkì yín nínú tab kan, ẹ wá ṣí sáìtì jágbajàgba kan nínú tab kejì, tí òfin yẹn ò bá sí, script inú sáìtì jágbajàgba yẹn lè pe báǹkì yín, kúkì yín (àmì tí báǹkì fi ń dá yín mọ̀) lè bá a lọ, báǹkì á rò pé ẹ̀yin lẹ pe òun, script á wá jókòó ka iye tó wà nínú àkáǹtì yín. Ẹni tó ń lo bùráúsà ni òfin yẹn ń gbèjà. Postman kì í ṣe bùráúsà, curl náà kì í ṣe bùráúsà, òfin yẹn ò mù wọ́n, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọjá fàlàlà.

CORS (Cross-Origin Resource Sharing, ètò tí sáfà fi ń fún ojúlé míì láyè) tí gbogbo ayé ń bú yìí, òun gan-an ló ń ṣílẹ̀kùn, òfin àtijọ́ yẹn ló ń tì í. Tí sáfà bá fẹ́ kí ojúlé yín ka èsì òun, á fi header (àkọlé tó ń bá èsì rìn) Access-Control-Allow-Origin sí i, á kọ orúkọ ojúlé yín síbẹ̀ tàbí kó fi * sí i fún gbogbo ayé. Tí header yẹn ò bá sí, bùráúsà á gba èsì náà, á dì í mú, script yín ò ní rí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o: lọ́pọ̀ ìgbà request yín (ohun tí ẹ rán lọ béèrè) ti dé ọ̀dọ̀ sáfà, sáfà ti ṣiṣẹ́, ó ti dáhùn, kíkà lẹ ò kàn lè kà á. Ẹni tó bá wá ń sọ pé CORS ló ń ṣọ́ sáfà òun, kó yáa lọ fi ojúlówó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀kùn ẹ̀.

Àwọn request kan wà tí bùráúsà máa kọ́kọ́ tọrọ àyè kó tó rán wọn: PUT (láti yí nǹkan padà), DELETE (láti pa á rẹ́), èyí tó bá ní header Authorization, tàbí POST (láti fi dátà ránṣẹ́) tí Content-Type ẹ̀ jẹ́ application/json. OPTIONS ló máa kọ́kọ́ rán lọ, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí méjì nínú Network. OPTIONS yẹn kì í gbé token yín (àmì ìdánimọ̀ yín) dání. Tí ẹni tó kọ sáfà bá wá ní dandan ni kí gbogbo request mú token wá, OPTIONS á gba 401 (sáfà ní òun ò mọ ẹni tó pè é), ojúlówó request ò sì ní kúrò nílé rárá. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí wọ́n bá ti ní GET (láti mú dátà wá) ń ṣiṣẹ́ àmọ́ POST ò ṣiṣẹ́.

Ní ti no-cors, ṣe lẹ ń sọ fún bùráúsà pé kó ṣáà rán an lọ, ẹ ò ní ka èsì. Ó wá gbé èsì tí status ẹ̀ jẹ́ 0, tí inú ẹ̀ ṣófo, fún yín. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ lò ó, ariwo ló bá yín pa, kò wo àìsàn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni sáfà, ẹ lọ fi header yẹn síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kí kúkì bá a lọ, ẹ fi credentials: "include" sínú fetch, kí sáfà kọ orúkọ ojúlé yín ní pàtó torí * ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó sì fi Access-Control-Allow-Credentials: true tì í. Tí sáfà ò bá ti yín, ẹ kọ sáfà kékeré tiyín, òun ni á máa bá yín pe API yẹn. Àwọn extension tó ń pa CORS, orí kọ̀ǹpútà tiyín nìkan ló mọ, àwọn tó ń lo sáìtì yín ò ní in.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè fi API key (kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ń lo API) pamọ́ sínú JavaScript? Mo ti fi í sínú .env (fáìlì tí wọ́n ń kó irú àṣírí bẹ́ẹ̀ sí), ọ̀rẹ́ mi ní ó ṣì ń hàn.

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́. Tí irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń build bá ti kó key yẹn pọ̀ mọ́ JavaScript tó ń lọ sí bùráúsà, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí Network á rí i, bẹ́ ẹ tiẹ̀ fi base64 (ọ̀nà kan láti fi lẹ́tà míì kọ ọ́) lọ́ ọ pọ̀. Key tó bá ń ná owó lọ́wọ́ yín, orí sáfà ni kó wà, sáfà kékeré tí mo sọ lókè yẹn náà ló máa gbà yín. Èyí tó bá ti jáde, ẹ pa á rẹ́, ẹ gba òmíì. Àwọn key kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún bùráúsà, bíi ti máàpù, ìyẹn ẹ lọ sọ fún wọn pé domain yín nìkan ló lè lò ó.

Ìbéèrè: Sáfà fún mi ní 404 (ohun tí mo ń wá ò sí), àmọ́ catch mi (ibi tí kóòdù ń bọ́ sí tí àṣìṣe bá wà) ò ṣiṣẹ́, kóòdù ń lọ bíi pé kò sí nǹkan kan. Nígbà míì ó tún máa ń sọ "Unexpected token '<'".

Ìdáhùn: fetch ò ka 404 sí ìjákulẹ̀, kò ka 500 (ìṣòro sáfà fúnra ẹ̀) náà sí. Lójú tiẹ̀, ó jíṣẹ́, ó mú èsì bọ̀, ó parí. Ìgbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já, tí kò rí domain, tàbí tí CORS kọ̀, ìgbà yẹn ló máa ń wọ catch. Ẹ̀yin lẹ máa bi í fúnra yín:

const res = await fetch(url);
if (!res.ok) throw new Error(res.status);
const data = await res.json();

res.ok máa ń jẹ́ true tí status bá wà láàárín 200 sí 299. Ti '<' yẹn, ẹ ní kó ka JSON (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ dátà ránṣẹ́), sáfà wá gbé pèéjì HTML "kò sí níbí" fún un, '<' tó bẹ̀rẹ̀ HTML yẹn ló fẹsẹ̀ kọ. Ẹ wo Response nínú Network, ẹ máa rí i kedere. Ẹ má sì pe res.json() lẹ́ẹ̀mejì o, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ka inú èsì, ọ̀pọ̀ ló ń kà á tán nínú console.log tí wọ́n á wá máa wá a kiri.

Ìbéèrè: Dátà tí mo fi fetch mú wá ń fún mi ní undefined (kò sí nǹkan nínú ẹ̀).

Ìdáhùn: Ẹ lo data kó tó dé. fetch kì í dúró, ìlà tó tẹ̀ lé e á ti sáré kọjá. Ẹ fi await síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé function yẹn jẹ́ async.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ṣì kọ́ XMLHttpRequest (ọ̀nà àtijọ́ tí JavaScript fi ń pe sáfà), àbí ó ti kú?

Ìdáhùn: Kò kú. Microsoft ló gbé e dé sínú Internet Explorer 5 ní 1999, nítorí Outlook tí wọ́n ń ṣí nínú bùráúsà, òun náà sì ni Gmail lò ní 2004 tẹ́nu ya gbogbo ayé pé méèlì ń wọlé láìjẹ́ pé pèéjì tún ara ẹ̀ ṣí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Jesse James Garrett sọ ọ́ ní Ajax. fetch wá wọ Chrome àti Firefox ní 2015, òun sì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbé fáìlì ńlá lọ sórí sáfà, tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi han ẹni tó ń dúró pé ó ti dé ìdajì, ẹ padà sọ́dọ̀ XMLHttpRequest, upload.onprogress tiẹ̀ ṣì rọrùn ju ohunkóhun tẹ́ ẹ lè fi fetch ṣe. Ó tún ní timeout tiẹ̀, fetch ò ní, tí sáfà bá dákẹ́ òun náà á jókòó síbẹ̀ títí tó bá máa sú bùráúsà, àyàfi tẹ́ ẹ bá fi signal: AbortSignal.timeout(8000) sí i, ìyẹn á já a lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 8.