Iná Lọ, Quiz Mi Sì Bá A Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. 300 level ni mo wà, Nyanya l'Abuja ni mo ń gbé. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ là ń lọ sí kíláàsì, orí Zoom àti Moodle (ìkànnì tí wọ́n ń gbé quiz sí) la ti ń ṣe ìyókù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti dáhùn ìbéèrè 14 nínú 20 nígbà tí iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì bá a lọ. Kí n tó wọlé padà, àkókò ti pé. Olùkọ́ wa ní òun ò gbọ́ ìtàn iná. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Mararaba lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀ lèmi náà ń gbé, n ò ní bá ọ jiyàn lórí iná. Ṣùgbọ́n má sọ̀rọ̀ iná fún olùkọ́ yín mọ́. Ẹni tí kò kàwé náà ń fi iná bojú, etí ẹ̀ ti kún.

Àkọsílẹ̀ Moodle ni kí o dì mú. Bí o ṣe ń mú ìdáhùn ló ń fi í pamọ́ fúnra ẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, àfi tí wọ́n bá yí ètò ẹ̀ padà. Ó yẹ kí èyí tó pọ̀ jù nínú 14 yẹn ṣì wà níbẹ̀, log, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí o ṣe níbẹ̀, á sì fi aago tí o dákẹ́ hàn. Olùkọ́ lè ṣí quiz padà fún ìwọ nìkan. Override ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò mọ̀ pé ó wà, nítorí náà rọra o, má ṣe bí ẹni fẹ́ kọ́ ọ̀gá níṣẹ́. Kọ í-meèlì lónìí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo log mi ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbọ́ pé override lè ràn mí lọ́wọ́." Fi nọ́ńbà matric sí i. Bó bá kọ̀, level adviser, olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ará level yín, ló kàn.

Ní ti Zoom, nígbà tí mò ń ṣe másítáàsì, mo tan fídíò Zoom sílẹ̀ kí ọ̀gá lè rí i pé mo múra. 1GB tán kí kíláàsì tó parí. (Àǹkárá tuntun tí mo wọ̀, ẹnikẹ́ni ò yìn ín.) Láti January 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ti gbà kí wọ́n fi tó 50% kún owó data, ta ló tún ń tan fídíò?

Tí wọ́n bá ṣí quiz náà, wá SIM kejì, kí o sì wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró nínú ilé yín. Tèmi, ojú fèrèsé ilé ìdáná ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò epo pupa. Níbẹ̀ ni mo ti ṣe ìdánwò àṣekágbá, lórí odó tí mo dojú ẹ̀ dé. Ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́.