Dúdú Tí Kànìnkànìn Kò Lè Fọ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Yíyọ Òkú Awọ

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni ìbéèrè lórí awọ ara ti ń ya dé ọ̀dọ̀ wa. A ti ṣa márùn-ún nínú wọn. Kí á kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé yíyọ òkú awọ kì í ṣe bíbóra. Òkú awọ ni ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè pátápátá, tó ti kú, tó sì ń ṣí kúrò fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 ni awọ àgbàlagbà fi ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń pẹ́ sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè. Gbogbo iṣẹ́ wa kò ju pé ká ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di pupa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ la ń sọ níbí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Ọjà Ọba ni mo ti ń tajà. Ó ti tó ọdún méjì tí dúdú kan ti jókòó sí abẹ́ ọrùn mi, sí èjìká àti ẹ̀yìn mi. Mò ń fi kànìnkànìn aláwọ̀n gbo ó láàárọ̀ àti lálẹ́, mo tún ń fi ọṣẹ dúdú kún un, ńṣe ló ń dúdú sí i. Kí ni kí n rà? — Ìyá Ọlọ́jà, Ìlọrin

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló wà lára yín. Ó jọ pé kànìnkànìn yẹn gan-an ló ń dá a sílẹ̀.

Ẹ dúró níwájú dígí kí ẹ wo ibi tí dúdú náà fìdí kalẹ̀ sí dáadáa: eegun tó yọ lábẹ́ ọrùn, eegun ẹ̀yìn èjìká, ọ̀pá ẹ̀yìn, bóyá ojúgun àti ìgbọ̀nwọ́ pẹ̀lú. Gbogbo ibẹ̀ ni eegun ti sún mọ́ awọ. Bí ẹ bá ń gbo ara, ńṣe ni awọ há sáàárín eegun nísàlẹ̀ àti okùn ọ̀rá lókè. Ẹ wá wo ikùn yín, tí ẹran rírọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀: kànìnkànìn kan náà ló ń kàn án, ọṣẹ kan náà, àmọ́ kò dúdú bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, kò ní máa yan orí eegun nìkan.

Awọ aláwọ̀ dúdú kì í fẹ́ ìyà. Ìgbàkígbà tí a bá ha á tàbí tí a bá jó o, ó máa ń tú èròjà tó ń fún un láwọ̀ jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì rì sí ìpele ìsàlẹ̀ tí kànìnkànìn kò lè dé láéláé. Ẹ̀yin wá rí i pé ó dúdú, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, òun náà tún dúdú sí i. Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi aṣọ ìwẹ̀ náílọ́ọ̀nù gbo ara, àwọn dókítà awọ ti ṣàpèjúwe irú dúdú yìí gan-an.

Ẹ gbé kànìnkànìn yẹn sọ nù, ó kéré tán fún oṣù 3. Ọwọ́ yín tàbí aṣọ òwú tó rọ̀ ti tó. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀, kì í ṣe omi gbígbóná tó ń yọ èéfín, kí ìwẹ̀ náà má sì ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ọṣẹ dúdú kò burú, ṣùgbọ́n eérú wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń fa òróró ara gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi omi pò ó lọ́wọ́ títí yóò fi hó, kí ẹ lò ó ní abíyá àti ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ kó má kan gbogbo ara ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá jáde nínú omi, ẹ fi táwẹ̀lì tẹ ara, ẹ má fi nù ún gbàràgbàrà. Kí ìṣẹ́jú 3 tó kọjá, nígbà tí ara ṣì tutù díẹ̀, ẹ fi òrí pa á. Òrí kì í fi omi sínú awọ, ìdérí ló jẹ́ fún omi tó ti wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi òrí pa ara gbígbẹ táútáú nínú ọyẹ́ fi máa ń sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn oṣù 3 yẹn, tí awọ bá ti dákẹ́, ẹ lè fi ìpara tó ní urea 10% tàbí lactic acid 5% (èròjà tó ń rọ òkú awọ kó lè ṣí) kún un lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Dúdú náà á máa ṣá lọ, àmọ́ ó lè gba oṣù 6 sí ọdún kan, èyí tó bá ti rì jinlẹ̀ sì lè má lọ tán. A ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó bá ta ìpara fún yín pé ọjọ́ 7 ló máa fi lọ, ó ṣeé ṣe kí mákúrì wà nínú rẹ̀, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tàbí oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́. Bí ibẹ̀ bá ń yún yín, ẹ jẹ́ kí dókítà awọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn àrùn mìíràn wà tó jọ ọ́.

Ìgbéyàwó yìgì mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n po ṣúgà, iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí n fi gbo gbogbo ara títí kan ojú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lé làálì fún mi. Ṣé ó dára? — Ìyàwó Tuntun, Tankẹ́, Ìlọrin

Ẹ kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kó bọ́ sí rere. Ẹ yọ ọsàn wẹ́wẹ́ kúrò, ẹ yọ iyọ̀ kúrò, ẹ yí ọjọ́ padà, ìyókù á dára.

Ohun kan wà nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí oòrùn máa ń jí dìde. Bó bá wà lára tí oòrùn sì kàn án, ibẹ̀ lè jóná, kó lé roro, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ óò dá àpá rẹ̀ mọ̀: ó máa ń fà gbọọrọ bí ipa omi tó ṣàn, torí ibi tí omi ọsàn náà gbà sọ̀ kalẹ̀ ló ti jó. Ìyàwó wo ló fẹ́ wọ aṣọ òkè lé ìyẹn? Iyọ̀ tiẹ̀ lẹ́nu, ó sì máa ń ta lójú egbò.

Ti ara nìkan, láìkan ojú: ṣúgà tó kúnná, ṣíbí ìjẹun 2, àti òróró àgbọn, ṣíbí 1. Ìyẹn tó fún apá àti ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ pò ó nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ má tọ́jú àjẹkù sínú balùwẹ̀, omi á kán sí i, á sì bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ rin ara yín, kí ẹ wá fi orí ìka yí i róbóróbó bí ẹni ń fọ tòmátì tó ti pọ́n, tí kò fẹ́ kó bẹ́. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré lórí apá tàbí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà á ti máa yọ́ lọ́wọ́ yín, yíyọ́ rẹ̀ gan-an ló fi sàn ju iyọ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ra fún ilẹ̀ balùwẹ̀, òróró ń yọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí ọjọ́ 2 ṣáájú làálì.

Ìdí ọjọ́ 2 yẹn ṣe pàtàkì. Òkú awọ gan-an ni làálì máa ń pa láró. Bí ẹ bá yọ èyí tó ti fẹ́ ṣí kúrò tẹ́lẹ̀, làálì á mú èyí tó ṣì máa pẹ́ lára. Bí ẹ bá gbo ara lẹ́yìn tí wọ́n ti lé e tán, làálì lẹ ń bó dànù yẹn. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá máa lé e, ẹ má fi òróró pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kò ní jẹ́ kó mú.

Ọ̀rọ̀ kan tí a kò lè ṣàì sọ: ewé làálì gidi kì í dúdú kíríkírí láàárín wákàtí kan. Àwọ̀ bí ọsàn ló ń kọ́kọ́ yọ, kó tó wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní ọjọ́ kejì. Èyí tó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, aró ìkunrun ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Aró yìí lè bó awọ, pàápàá awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbo, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lè má lè pa irun láró mọ́ láéláé. Ẹ bi ẹni tó máa lé e fún yín ohun tó pò mọ́ ọn.

Ní ti ojú, aṣọ òwú rírọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó. Ẹ má gbìyànjú ohun tuntun kankan sí i ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó.

Irorẹ́ fi àpá sí mi lójú. Mo ra ìgò glycolic acid 30%, ásíìdì tó ń yọ òkú awọ, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tà á ní kí n fi pa ojú lálaalẹ́. Ó ń ta mí gan-an, ó ní ìyẹn ló fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀fà

Ẹ dá a dúró lálẹ́ òní. 30% jẹ́ ohun tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ awọ ń fi lé ojú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí yóò sì pa agbára rẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi sùn. Èyí tí a ń lò nílé kì í kọjá 10%. Títa tó bá dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan kò le. Títa tó ń pọ̀ sí i, tàbí tó jẹ́ pé ọṣẹ tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ náà wá ń ta yín, awọ ti gbọgbẹ́ nìyẹn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tó ṣì wà lójú, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn ṣan ojú fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Ojú tó bá lé roro di ti ilé ìwòsàn.

Ẹ sinmi fún ọ̀sẹ̀ 4: ọṣẹ tí kò le, ìpara tí kò ní òórùn dídùn, tán. Lẹ́yìn náà, torí pé irorẹ́ ni tiyín, salicylic acid 2%, ásíìdì mìíràn tó ń yọ òkú awọ, ló bá a mu jù, nítorí ó lè wọ inú òróró tó dí ojú ihò awọ. Ẹ kọ́kọ́ fi kékeré sí inú apá, ẹ dúró ọjọ́ 2. Bí kò bá ṣe nǹkan, ẹ lò ó lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún oṣù kan, kó tó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ojú gbọ́dọ̀ ti gbẹ dáadáa. Ẹ̀kán 3 tàbí 4 ti tó fún gbogbo ojú, ẹ fo àyíká ẹyinjú, ètè àti ẹ̀gbẹ́ imú. Alẹ́ tí ẹ bá lò ó, ẹ má lo retinol (èròjà ìpara tó ń mú kí awọ yára pààrọ̀ ara rẹ̀), ẹ má sì fi ṣúgà tàbí kànìnkànìn kún un.

Oòrùn Kwara kò ní fojú fo ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òkú awọ rẹ̀. Láàárọ̀, ẹ fa ìpara ààbò oòrùn tó ní SPF 30 (ìwọ̀n agbára tó fi ń dáàbò bo awọ) sí gígùn ìka méjì, òun ni ìwọ̀n ojú àti ọrùn. Ẹni tó bá wà níta ń tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Láìsí i, àpá tí ẹ ń lé lọ á máa padà wá.

Ìyá ọkọ mi ń fi kànìnkànìn àti omi gbígbóná gbo ọmọ mi, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ara rẹ̀ lè dán. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ̀rọ̀. — Ìyá Ìkókó, Ìgbájà

Awọ ìkókó fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ, kò sì ní òkú awọ tó yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ. Bíbó díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì, ó máa tán fúnra rẹ̀. Ọwọ́ lásán, omi tí ìgbọ̀nwọ́ yín kò gbọ́ gbígbóná nínú rẹ̀, ó tán. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì ní ká fi ọwọ́ yín tó rọ̀ wẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbó díẹ̀." Iṣẹ́ wíwẹ̀ ọmọ á ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kànìnkànìn nìkan ló kúrò.

Gìgísẹ̀ bàbá mi ti sán, ọyẹ́ tún bá a kún un. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ń fi abẹ gé èèpá rẹ̀. — Ọmọ wọn, Ọ̀mù-Àrán

Ẹ gba abẹ lọ́wọ́ wọn lónìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àtọ̀gbẹ lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, débi pé abẹ á wọlé tí wọn kò ní mọ̀, ojú egbò náà kì í sì í tètè jiná. Ẹlòmíràn tí kò ní àtọ̀gbẹ lè rẹ ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10, kó fi òkúta ìfọsẹ̀ rá a díẹ̀ sí apá kan ṣoṣo, láìlọ-láìbọ̀. Ti bàbá yín kọjá bẹ́ẹ̀: kò sí rírẹ, kò sí òkúta. Kí wọ́n fọ ẹsẹ̀, kí wọ́n gbẹ ẹ́ títí kan àárín ọmọ ìka, kí ẹ fi ìpara urea 10% pa gìgísẹ̀ wọn lálẹ́, kò gbọdọ̀ wọ àárín ọmọ ìka, kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sùn. Sísán tó bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan sí i, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Kí wọ́n máa wọ bàtà tó bo gìgísẹ̀ lọ sóko. Ẹ̀yin náà, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn fún wọn lálaalẹ́, torí àwọn fúnra wọn kò lè rí i dáadáa.