Iye wákàtí tí páílọ́ọ̀tì ti fò kò tó mi í gbọ́kàn lé

Okun o, àbúrò mi ará Kabba. O ní kí o tó wọ bàálù l'Ábújá, o fẹ́ mọ̀ bóyá páílọ́ọ̀tì rẹ̀ ti fò tó wákàtí 10,000, pé ìgbà yẹn lọkàn rẹ yóò balẹ̀. Ìdí ẹ́ńjìnì ni mo ti hewú kí n tó padà wálé sí Isanlu. Ọkàn tèmi kì í tìtorí ìyẹn balẹ̀.

Bí bàálù bá balẹ̀, ó yẹ kí páílọ́ọ̀tì kọ gbogbo àbùkù tó rí sínú tech log, ìwé tí wọ́n ń kọ àbùkù ọkọ̀ sí. Tó bá ti kọ ọ́, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gbéra àfi bí ẹnjiníà bá yẹ̀ ẹ́ wò tó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì kan wà níbi iṣẹ́ wa, àgbà ni, wákàtí rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, yóò rọra sọ pé, "Ẹnjiníà, ẹ bá mi wo ẹ́ńjìnì òsì, ó ń gbọ̀n." Ṣùgbọ́n kò ní kọ nǹkan kan. Iléeṣẹ́ ò fẹ́ kí ọkọ̀ dúró, òun náà ò sì fẹ́ wàhálà. Lọ́jọ́ kan, igbákejì rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì fò tó nǹkan, gba bíírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Èmi náà ò fọwọ́ sí i títí a fi tú ẹ́ńjìnì yẹn. Abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ti sán! Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dá owó oṣù mi dúró, títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì bàálù iléeṣẹ́ Dana tó já ní Ìjú-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹfà 2012 ti fò ju wákàtí 18,000 lọ. Ẹ́ńjìnì kan ti ń ṣe ségesège lójú ọ̀nà, wọ́n ṣáà ń bọ̀ l'Ékòó títí èkejì náà fi kọṣẹ́. Ènìyàn 153 ló kú nínú rẹ̀, 6 míì kú nílẹ̀. Bàálù iléeṣẹ́ Colgan tó já nítòsí Buffalo, l'Amẹ́ríkà, ní 2009 ló mú kí wọ́n ní kí igbákejì páílọ́ọ̀tì ibẹ̀ ti fò tó wákàtí 1,500 kó tó gbé èrò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn méjèèjì tó wa ọkọ̀ yẹn ti kọjá 1,500 tipẹ́.

Mi ò ní wákàtí ò wúlò o. Ẹ̀rù ẹni tí kò tíì fò tó ń bà mí náà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wákàtí yẹn, ẹ̀rọ ló ń darí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún.

Bí wọ́n bá kéde pé ọkọ̀ rẹ lábùkù, má bá wọn jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Èmi, kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mo máa ń pè: ṣé wọ́n ṣì ń jẹ́ kí páílọ́ọ̀tì kọ àbùkù sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín?